Kí ni Àwòdì Yóò Fi Ìkarahun Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú sọ ní Kábà nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo ti yọ díẹ̀ nínú àwàdà kúrò, ṣùgbọ́n mo fi àwọn ibi tí wọ́n ti já lu ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe rí.

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé mi. Òkun o, ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí alága yín bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní, "Idì àti ìkarahun odò." Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ ni. Nígbà tó yá ó ní, "Tíṣà, a rò pé ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀ ìdìbò ni o." Mo ní rárá, àwọn tó ń sọ ìyẹn ti pọ̀ jù nílùú.

Òwe kan ni ó fà á. Àwọn àgbà ní, àwòdì òkè ń wo ìkarahun kọ̀rọ̀. Kí ni àwòdì yóò fi ìkarahun ṣe? Ẹ mọ ibi tí a máa ń lo òwe yẹn sí. Bí ẹnì kan bá ń wo ohun tí apá rẹ̀ kò ká, tàbí ohun tí kò lè ṣe é ní àǹfààní kankan, a ó pa á fún un, yóò sì gbé ojú kúrò. Mo mọ̀ pé ìkarahun ìgbín ni òwe náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì títí irun fi funfun lórí mi, iṣẹ́ náà sì ti jẹ́ kí n máa fura sí ìbéèrè tí ẹni tó bi í kò retí ìdáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n dáhùn rẹ̀ lónìí. Kí ni àwòdì yóò fi ìkarahun ṣe?

Ìkarahun náà nìyí. Ẹ gbà á, kí ẹ máa gbé e fún ara yín, kí olúkúlùkù fi ìka kan inú rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì o, ó dàgbà ju alága lọ. Ìyá ìyá mi ló ni ín. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, láti ìhà ibi tí Odò Ọya ti ń lọ pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́já. Ọkọ ló gbé e wá sí Kábà. Nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, ó di ìkarahun mẹ́fà mọ́ ẹrù ìyàwó. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi bímọ. Kò dá wọn lóhùn. Ó ń fi wọ́n ha ìdí ìkòkò, ó ń fi wọ́n bu iyọ̀. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí ibà mú mi, inú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ni ó bu àgbo sí tó fi fún mi lẹ́nu. Títí di òní, bí mo bá rí inú ìkarahun tó ń dán bẹ́ẹ̀, ẹnu mi a korò.

Àwọn Òyìnbó ń pè é ní mussel. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní ìṣáwùrú, ṣùgbọ́n ìṣáwùrú tí èmi mọ̀ jẹ́ ìgbín inú omi: ìkarahun kan ni ó ní, ó sì lọ́ bí òkòtó. Eléyìí ní ìkarahun méjì tí wọ́n dé mọ́ra wọn bí àwo méjì, tí iṣan sì so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn. Ìkarahun odò ni n ó máa pè é títí n ó fi jókòó.

Ní ti ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya orúkọ sọ́tọ̀. Àwòdì ni èyí tí gbogbo yín mọ̀, tó ń gbé ọmọ adìyẹ, tó ń já ẹran gbà lórí àtẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti dáná sun igbó, yóò ti dé, kó lè gbé tata tó ń sá fún iná. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú wọn a ṣí lọ sí ìhà àríwá. Òwe náà lo àwòdì nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí etí Odò Ọya, ẹ ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, idì apẹja. Orí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ funfun báláú, ikùn rẹ̀ pupa bí igi ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, apá rẹ̀ dúdú. Ó ń ju orí sẹ́yìn bó bá fẹ́ ké, igbe rẹ̀ a sì gba gbogbo odò kan. Abo ni ó tóbi ju akọ lọ, ó lè wọ̀n tó kílò 3 àti ààbọ̀. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ìkángun sí ìkángun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 àti ààbọ̀. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí kò tó bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀yin ìyá ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Bẹ́ẹ̀ ni, abo ni.)

Gbogbo wa ni a rò pé ojú ọ̀run ni idì ń gbé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sétí odò wò ó láti àárọ̀ yóò rí i pé orí igi ni ó wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó jókòó sójú kan bí olóyè tó ń retí àlejò. Ojú ni ó ń lò. Lẹ́yìn ojú tiwa, ibì kan ṣoṣo ni ó wà tí a fi ń rí nǹkan kedere. Idì ní méjì nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti rí ẹja tó sún mọ́ òkè omi, yóò já wálẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò sì fi èékánná hán an. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ayùn kí ẹja má baà yọ̀ bọ́. Ẹja tó bá wúwo jù fún un kì í jẹ́ kó fò. Ìgbà náà ni ẹ ó rí ọba òfuurufú tó ń fi ìyẹ́ wakọ̀ lójú omi, tó ń wọ́ ẹja lọ sí èbúté bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dàánù.

Ìkarahun odò kò ní orí. Kò ní ojú, kò ní eyín. Ẹsẹ̀ kan ni ó ní, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì dà bí ahọ́n. Òun ni ó fi ń wọlẹ̀ sínú yanrìn. Ó ní ẹnu ọ̀nà méjì, omi ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ̀yin ni iṣẹ́ rẹ̀ máa tètè yé jù. Ohun tí ẹ ń fi asẹ́ ṣe, òun ni ó ń fi inú ara rẹ̀ ṣe tọ̀sán-tòru. Omi wọlé tòun ti ìdọ̀tí, ewé jíjẹrà àti àwọn ohun tín-ín-rín tí ojú kò rí. Ó sẹ́ ẹ. Èyí tó wù ú, ó jẹ ẹ́. Èyí tí kò wù ú, ó fi ikun dì í, ó tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ odò sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀kan tó ti dàgbà nínú wọn lè sẹ́ omi tó 40 lítà lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì nìyẹn. Tí wọ́n bá wá tó ẹgbẹ̀rún kan ní ìsàlẹ̀ odò kan ńkọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Tí mo bá bi yín pé èwo ni ọdẹ nínú àwọn méjèèjì, ẹ ó ní idì. Ẹ dúró ná.

Abo ìkarahun odò ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àwọ̀ tó fi ń mí. Wọ́n lè tó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré ju hóró iyọ̀ lọ. Àwọn ọmọ yìí kò lè dàgbà fúnra wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sínú omi lásán, ìgbì yóò gbé wọn lọ, wọn yóò kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹja lẹ̀ mọ́, yálà ní lẹbẹ rẹ̀ tàbí ní ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Wọn yóò wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó já sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ayé tiwọn nínú yanrìn. Kì í ṣe ẹja yòówù: ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú ẹja kan tàbí méjì péré ni ó lè gbà wọ́n.

Báwo wá ni ohun tí kò ní ojú, tí kò lè rìn, ṣe máa rí ẹja mú? Ní àwọn odò Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí etí awọ ara wọn ti di àwòrán ẹja kékeré. Ó ní ìrù, ó ní àmì dúdú tó dà bí ojú, ó sì ń jùrù nínú omi bí ẹja tòótọ́. Ẹja ńlá rí i, ó ní oúnjẹ dé, ó ya ẹnu bù ú jẹ. Ìkarahun náà yóò sì tú gbogbo ọmọ rẹ̀ dà sí i lẹ́nu. Ẹja jẹun títí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí kò ní sùúrù fún àrékérekè bẹ́ẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà; bí ẹja kan tó fẹ́ràn láti máa fi imú yí òkúta bá ti tọwọ́ bọ ọ̀ràn rẹ̀, ó dé mọ́ ọn lórí bíi pàkúté, ó dì í mú, ó fẹ́ ọmọ sí i lára, ó tó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ ti dẹ tàkúté rí. Ta ni ó fi ara rẹ̀ ṣe tàkúté nínú yín?

Àwọn tó wà nílẹ̀ Áfíríkà náà ń gbé ọmọ wọn gùn ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí bí ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, apẹja ni àwọn méjèèjì. Idì mú ẹja, ẹja kú. Ìkarahun mú ẹja, ó di ẹrù lé e lórí, ó ní máa lọ. Bí a bá sì wo odò tí ẹja kò sí mọ́, idì yóò fò lọ wá òmíràn. Ìkarahun yóò dúró síbẹ̀. Ó lè má kú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ẹ̀mí àwọn kan nínú wọn gùn: ọ̀kan wà ní àwọn odò tútù ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo ju 100 ọdún lọ láyé. Ṣùgbọ́n kò ní bímọ tó yè mọ́. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ yanrìn yóò bá wọn níbẹ̀, àgbààgbà nìkan, kò sí ọ̀dọ́ kan láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí àwọn abúlé kan nílẹ̀ Yàgbà tàbí Bùnú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ mọ bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Ibí yìí ni bàbá kan dìde. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi gan-an ti ń retí rẹ̀. Kò sí ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kò bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn, Etheria ni àwọn onímọ̀ ń pè é, tí kì í rìn rárá. Ó ń lẹ ìkarahun rẹ̀ kan mọ́ àpáta bí ẹni tó fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n. Ó wà ní Náílì, ó wà ní Kóńgò, ó wà nínú Odò Ọya tiwa yìí. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, létí odò Pendjari, àwọn obìnrin ni ó ń wọ omi lọ já a lára àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń sè é jẹ, tí wọ́n ń tà á. Ìkarahun rẹ̀ náà kì í ṣòfò, wọ́n lè sun ún di ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri. Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ rántí pé asẹ́ ni. Ohun tó bá wà nínú omi ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má lọ jẹ èyí tó wá láti odò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí.

Bàbá jókòó, ó ní òun kò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn sì gbé wa dé ibi tí ẹyẹ àti ìkarahun ti di ọmọ ìyá. Ẹ wo ìkarahun yẹn. Ohun tí wọ́n fi ṣe é kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ṣe èèpo ẹyin idì: kálísíọ̀mù kábónéètì ni, ohun kan náà tó wà nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Odò ni àwọn méjèèjì ti ń rí i: ìkarahun láti inú omi, idì láti inú ẹja. Tí odò bá bàjẹ́, ara èèpo ni a ó ti kọ́kọ́ mọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọ́n oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ DDT kiri, sí oko, sí igbó, sí àbàtà tí ẹ̀fọn ń gbé. Òjò gbá a wọ odò. Kò pa idì lójú ẹsẹ̀, bó bá pa á ni, wọn ì bá tètè mọ̀. Ohun tín-ín-rín inú omi gbé e mì, ẹja kékeré jẹ ohun tín-ín-rín, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, idì jẹ ẹja ńlá. Bó ṣe ń gòkè ni ó ń pọ̀ sí i, torí inú ọ̀rá ni ó ń sá sí, kì í sì í tètè jáde. Nígbà tó fi dé ara abo idì, ara rẹ̀ kò lè fi kálísíọ̀mù tó yẹ sí èèpo ẹyin mọ́. Ó sàba lé ẹyin bí ìyá rẹ̀ ti ṣe, ẹyin sì fọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Ìyá ni ó ń fi ara rẹ̀ pa ọmọ, kò sì mọ̀. Ní 1963, tí a bá yọ Alaska àti Hawaii kúrò, tọkọtaya 417 péré ni wọ́n kà nínú idì olórí funfun tó wà lára owó wọn. Ìròyìn kan náà ti wá láti ilẹ̀ tiwa: ní adágún Kariba ní Zimbabwe, wọ́n bá DDT nínú ẹyin idì apẹja, ẹ̀gbọ́n àwòdì tí mo ń sọ yìí, èèpo rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́.

Amẹ́ríkà fi òfin de DDT ní 1972, wọ́n sì ṣe òfin mìíràn ní 1973 láti dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Nígbà tó di 2007, tọkọtaya 417 yẹn ti di 9,789, wọ́n sì yọ orúkọ idì kúrò nínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu. Ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n fi òfin sọ ọ́ di ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yà lẹ́nu pé kò tíì jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ilẹ̀ kan náà yẹn ni ìkarahun odò pọ̀ sí jù lágbàáyé, irú wọn tó nǹkan bí 300. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fojú rí. Ní 1891, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ John Boepple bẹ̀rẹ̀ sí í gé bọ́tìnnì lára wọn ní ìlú Muscatine, létí odò Mississippi. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú náà fi ń ṣe bọ́tìnnì tó ju bílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Bí ẹ bá rí fọ́tò àtijọ́ ará Òyìnbó kan tó wọ ṣáàtì tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀dá yìí ni wọ́n ti gé e. Ike ni ó gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í ṣe àánú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń kọ́ dáàmù lórí odò lẹ́yìn odò. Ẹja tó yẹ kó gbé ọmọ ìkarahun lọ sókè odò wá kọlu ògiri. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà yọ orúkọ ẹ̀dá 21 kúrò nínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu. Kì í ṣe nítorí pé ara wọn ti yá bí ti idì. Wọ́n ti tán ni. Ìkarahun odò ni 8 nínú wọn.

Ìwé kan náà. Ọ̀nà méjì ni à ń gbà jáde nínú rẹ̀.

N kò bínú sí idì o. Òfin tó gbà á là gba ọ̀pọ̀ ẹ̀dá mìíràn là pẹ̀lú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹyẹ tó lè fò sá kúrò níbi tó bàjẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí ẹ kò bá rí idì lódò yín lọ́dún yìí, ó lè jẹ́ pé ó ti lọ sí odò mìíràn ni. Kò sí ohun tí ìyẹn fi hàn dájú. Ṣùgbọ́n ìkarahun kò ní ibi tí yóò sá lọ. Bó bá wà láàyè, odò yín ni ó ń jẹ́rìí rẹ̀. Bó bá kú, odò yín náà ni. Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹlẹ́rìí kan nínú àwọn méjèèjì níwájú adájọ́, ẹni tí kò kúrò níbi ìṣẹ̀lẹ̀ ni n ó pè.

Àwọn kan ti pè é. Ní Warsaw, olú-ìlú Pólàǹdì, ilé iṣẹ́ omi ìlú náà gba ìkarahun odò 8 síṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n sínú omi tó ń bọ̀ láti odò Vistula, wọ́n lẹ nǹkan kékeré kan mọ́ ìkarahun wọn, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ṣí tàbí wọ́n dé. Bí omi bá dára, wọ́n á ṣí, wọ́n á máa sẹ́ oúnjẹ wọn. Bí ohun burúkú bá wọ inú rẹ̀, wọ́n á pa ìlẹ̀kùn dé. Bí wọ́n bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà yóò ké, wọn yóò sì dá omi dúró kó tó dé ẹnu ènìyàn. Bó bá tó oṣù mélòó kan, wọ́n á dá wọn padà sódò, wọ́n á gba àwọn mìíràn, kí ìyà omi ìlú má baà ti mọ́ wọn lára jù. Òṣìṣẹ́ 8, wọn kì í gba owó oṣù, wọn kì í da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú o, àwọn ará Warsaw kò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń wá ohun tí wọ́n ní kó wá. Ìkarahun kàn mọ̀ pé omi yìí kò dára.

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà níhìn-ín tí wọ́n fi odò sọ lórúkọ, Ọ̀yì. Odò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ṣíwájú wa. Ẹ wo ohun tí à ń dà sínú odò báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Ìsánlú ń tú ilẹ̀ odò kéékèèké, omi sì ń pọ́n bí omi iyẹ̀pẹ̀ tí a fi ń mọ ilé. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di ẹnu ọ̀nà ìkarahun. Asẹ́ tí ẹrẹ̀ bá dí, ẹ̀yin ìyá ni yóò sọ bó ṣe ń rí. Dáàmù wà ní Òmì, lẹ́bàá Ẹ̀jìbà. Èmi kò sọ pé kò dára, ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn lára omi rẹ̀ wà nínú ìkòkò ẹlòmíràn níbí. Mo kàn ń sọ pé ẹja kì í fo ògiri. Oògùn apakoríko tí à ń fọ́n sábẹ́ kajú, ibo ni ẹ rò pé òjò ń gbé e lọ?

Èyí tó burú jù lójú mi ni gamalíìnì. Kí ẹni tó ń da gamalíìnì sódò láti fi pa ẹja má ṣe bínú sí mi, àbí kó tilẹ̀ bínú. Oògùn kòkò ni wọ́n ṣe é fún. Ìdílé kan náà ni òun àti DDT nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Òru kan ni ẹni náà fi kó ẹja tó kún agbọ̀n mẹ́ta. Ẹja léfòó, ó kó o, ó tà á, àwa jẹ ẹ́. Idì jẹ èyí tó ṣẹ́kù létí odò. Ìkarahun dé ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ń retí kí omi tó mọ́ dé. Bí omi bá sì mọ́ tán, ẹja tó yẹ kó gbé ọmọ rẹ̀ kò sí mọ́.

Ìdáhùn mi sí òwe náà nìyẹn. Àwòdì kò lè jẹ ìkarahun, ó kàn ń wò ó ni. Ṣùgbọ́n ẹja tí idì apẹja fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀, omi tí ẹnì kan ti bá a sẹ́ ni ó ti dàgbà. Mi ò rò pé àwòdì mọ èyí. Ojú àwòdì dára, ṣùgbọ́n kì í wo inú yanrìn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní kí àwọn tó ní ìbéèrè dìde. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè ìdìbò. Mo dá a padà sọ́dọ̀ alága. Ìyá kan tó ń gbé abúlé nítòsí ni ó dìde ṣìkejì, ìkarahun ìyá ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní nínú odò tí àwọn ti ń pọnmi, òun máa ń bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tí òun bá fi igbá ha yanrìn, òun a sì jù ú sórí òkè pẹ̀lú òkúta. Òun kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀mí. Ó ní bí òun bá tún rí i, báwo ni kí òun ṣe dá a padà, ìhà wo ni kó wà lókè?

Mo ní ìyá, kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa ìhà tó máa wà lókè. Ibi tí ẹ ti mú un gan-an ni kí ẹ gbé e padà sí, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí yanrìn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bó bá rí i pé ẹ ti lọ, yóò yọ ẹsẹ̀, yóò sì wọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ó yọ ẹsẹ̀?" Ó tún yí ìkarahun náà padà, ó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ yẹn gbà jáde.